Ogún Inú Àpótí Ìwọ̀n

Neusa ṣẹ̀ṣẹ̀ bu búrẹ́dì wàràkàṣì sẹ́nu ni Gilvan, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́, bẹ̀rẹ̀ yẹ̀yẹ́ rẹ̀ láti ìdí tábìlì kejì.

"Àpótí rẹ yìí dára o, ìyá oníkọ̀ǹpútà! Mo kọ kílò mẹ́rìnlélọ́gọ́ta sínú rẹ̀ lánàá, kí n wò ó bóyá ó máa gbà á. Ìwọ̀n tèmi gan-an ni."

"Níbo lo ti kọ ọ́?"

"Nínú àkójọ àbùdá rẹ̀, lápá òsì. Níbo lèèyàn tún ń kọ ọ́ sí?"

Neusa gbé búrẹ́dì rẹ̀ sílẹ̀. Àbùdá yẹn gan-an ló ti fọwọ́ sọ̀yà fún ọ̀gá wọn pé òun ti fi pamọ́.

Èdè Pascal ni wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fún ilé ìwòsàn kan ní ìlú Uberaba, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ àwọn tí kíndìnrín wọn ti dákẹ́ iṣẹ́. Inú àpótí kékeré kan lójú kọ̀ǹpútà ni nọ́ọ̀sì máa ń kọ ìwọ̀n aláìsàn sí bó bá ti dé. Kọ̀ǹpútà á yọ ìwọ̀n tó yẹ kí onítọ̀hún jẹ́ kúrò, ẹ̀rọ á sì fa ìyókù jáde lára rẹ̀ ní omi. Òfìfo ni àpótí náà gbọ́dọ̀ wà títí nọ́ọ̀sì á fi kọ nǹkan sí i. Ìdí nìyẹn tí Neusa fi ṣe àpótí tirẹ̀, tó jẹ́ kó jogún àbùdá èyí tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí wọ́n ń pè ní òbí rẹ̀, tó wá ní òun fi àbùdá ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ pamọ́, kí ẹnikẹ́ni má bàa kọ nǹkan síbẹ̀ ṣáájú. Ó kọ ìlà kan láti dán an wò, Pascal kọ̀ ọ́, inú rẹ̀ dùn, ó pa kọ̀ǹpútà, ó gba ilé lọ. Ọlọ́gbọ́n ayé! Kò tilẹ̀ ṣí àkójọ àbùdá náà, níbi tí gbogbo ohun tí èèyàn lè yí padà lára àpótí ti ń hàn, wò. Ohun tí òbí àpótí bá ti pàtẹ síbẹ̀, àpótí ọmọ ò láṣẹ àti kó o wọlé mọ́, ẹni tó ti lo ọdún mẹ́fà nídìí Pascal sì yẹ kó mọ̀ bẹ́ẹ̀.

"O ò pa iye yẹn rẹ́ kó o tó fi ránṣẹ́?" Neusa bi Gilvan.

"Yéè! Mo gbàgbé."

Láti aago méje àárọ̀ yẹn ni wọ́n ti gbé ètò tuntun náà sórí kọ̀ǹpútà àga àkọ́kọ́ nílé ìwòsàn. Ọjọ́bọ̀ sì ni. Lọ́jọ́bọ̀, Olímpio, bàbá Neusa, ló máa ń jókòó sórí àga yẹn. Ọgọ́ta kílò ló yẹ kó wọ̀n, méjìlélọ́gọ́ta ló máa ń gbé dé, kí ẹ̀rọ fa méjì jáde. Bí iye Gilvan bá wà níbẹ̀, mẹ́rin ni yóò fà, dókítà sì ti sọ pé ọkàn bàbá náà ò lè gba ju mẹ́ta lọ.

Ó pe ilé ìwòsàn lẹ́ẹ̀mẹrin, kò wọlé. Ó fò sórí ọ̀kadà.

"Ṣé ọkọ lẹ̀ ń lé ni, àǹtí?" ọlọ́kadà bi í.

"Bàbá mi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sáré."

Ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà sí Màríà Wúńdíá lẹ́ẹ̀mẹta, kò parí ọ̀kan.

"Ọmọ mi, ta ló ń lé ọ?" Ivonete ló pàdé rẹ̀ nílé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì tó ti ń tọ́jú bàbá rẹ̀ láti ọdún mẹ́ta. Neusa kọjá lára rẹ̀ lọ sídìí àga bàbá rẹ̀. Ó ti rí i lójú kọ̀ǹpútà: mẹ́rìnlélọ́gọ́ta.

"Ẹ dá a dúró! Ìyáàfin Ivonete, ẹ dá ẹ̀rọ yẹn dúró!"

Ivonete tẹ bọ́tìnnì. Láàárín wákàtí kan, ẹ̀rọ ti fa kílò kan, ìlọ́po méjì ohun tó yẹ. Iṣan ẹsẹ̀ bàbá ń fà á, ọwọ́ rẹ̀ tutù, ojú rẹ̀ wà ní pípadé. Nọ́ọ̀sì fa omi iyọ̀ sí i lára kíá.

"Mo rò pé òṣùwọ̀n ló ń fi iye ránṣẹ́ fúnra rẹ̀ báyìí ni," Ivonete wí. "Mo ní ètò tuntun ni."

Neusa pe Gilvan. "Yí òbí àpótí yẹn padà. Bàbá àgbà rẹ̀ ni kó jogún, àpótí tí òbí náà fúnra rẹ̀ jogún, ìyẹn ò tíì pàtẹ àbùdá ọ̀rọ̀ yẹn síta."

Gilvan yí i padà. "Ojú ìwé tí àpótí náà wà ò ṣí mọ́ o. Pascal ní òun ò mọ àbùdá tó gbé mẹ́rìnlélọ́gọ́ta dání."

"Ìlà yẹn gan-an ni kó o pa rẹ́."

Nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀, bàbá rẹ̀ ti lajú.

"Mo sọ fún Ivonete pé mi ò wọ̀n tó bẹ́ẹ̀ mọ́ látìgbà tí ìyá rẹ ti kú."

"Kí ló dé tẹ́ ò fi yarí, Bàbá?"

"Ó ní kọ̀ǹpútà ló kọ ọ́." Ó wá ọwọ́ Neusa kàn, ó dì í mú. "Ṣebí ìwọ lo ṣe é. Mo ní ọmọ mi ò lè ṣì í."