Ẹni Tó Wá Bẹ̀bẹ̀ Nítorí Ẹ̀jẹ̀ Háílì

Ní ọjọ́ kẹfà tí a sin Háílì àbúrò mi, àgọ́ ọ̀fọ̀ ṣì wà ní ìdúró níwájú ilé wa ní Wádì Músà, ìlú kan ní ilẹ̀ Lárúbáwá. Ọjọ́ mẹ́ta ni àṣà wa yàn fún un. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta ló yẹ kí a ká a, kí olúkúlùkù padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Bàbá mi kọ̀.

"Wọn kò tíì wá," ni ó wí.

Gbogbo wa la mọ ẹni tó ń retí. Ní ilẹ̀ wa, bí ènìyàn bá pa ènìyàn, ìbáà ṣe pé ọkọ̀ ló fi gbá a láìmọ̀, ẹbí apànìyàn á kó àgbààgbà jọ, wọn á wá sí ilé olóòkú. A ó gbé kọfí fún wọn. Wọn kò ní mu ún. Olórí wọn á gbé ife tirẹ̀ sílẹ̀ níwájú ara rẹ̀, á sì dákẹ́. Ìyẹn ni bàbá òkú á fi mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n bá wá. Á béèrè ohun tí wọ́n bá wá; bí ó bá gbà, á ní, "Ẹ mu kọfí yín, ohun tí ẹ bá wá ti tẹ̀ yín lọ́wọ́." Tí ó bá ti sọ ọ́, ọ̀rọ̀ ti parí. Kò sí ọmọ ẹbí tó tún lè gbẹ̀san, kò sì sí ẹni tó lè kó ọ̀rọ̀ náà padà sí i lẹ́nu.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọkọ̀ ló gbá Háílì. Ọkọ̀ agbépo ló ń wà bọ̀ láti Ìráákì nígbà tí ogun Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 2003. Àdó olóró já láti ojú ọ̀run, ó ba afárá tí Háílì wà lórí rẹ̀. Inú àpótí tí wọ́n ní kí a má ṣí ni wọ́n gbé e sí wá fún wa. Ta ni yóò kó àgbààgbà jọ nítorí ìyẹn?

Mútílákì, àbúrò bàbá mi, kò fi bò. Ó sọ ọ́ lójú gbogbo àwọn tó jókòó.

"Bàbá Áwádì, ẹ jẹ́ ká ká àgọ́ yìí. Ọkọ̀ òfurufú kì í mu kọfí."

Bàbá mi kò bínú. "Òótọ́ ni, Mútílákì. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà á ní ìyá. Ẹni tó bá sì ní ìyá, ó ní ẹbí. Wọn yóò wá."

Kò sùn láti ọjọ́ tí àpótí náà ti dé. Ó ń jókòó, ó kọjú sí títì, oúnjẹ á dé iwájú rẹ̀, á tutù. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí kò bá sí ẹni tó wá, ibẹ̀ ni a ó ti gbé òun náà.

Èmi Áwádì ni àkọ́bí rẹ̀. Mo ní ilé àlejò oníyàrá mẹ́fà nísàlẹ̀ òkè. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, àlejò kan ṣoṣo ló dé sọ́dọ̀ mi, àwọn yòókù ti kọ̀wé pé àwọn kò wá mọ́. Luìsì ni orúkọ rẹ̀, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin. Òun àti ọkọ rẹ̀ ni wọ́n jọ gbèrò ìrìn àjò náà; ọkọ kú ní ìgbà òtútù, òun sì ní òun kò ní jẹ́ kó ṣòfò. Ará Amẹ́ríkà ni. Awakọ̀ tó gbé e láti Àmánì, olú ìlú wa, ti kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́ títí wọ́n fi dé: bí wọ́n bá bi ọ́, Kánádà ni o ti wá. Èmi náà tún un sọ fún un.

Mo lọ ra ẹyin nítorí rẹ̀. Onísọ́ọ̀bù bi mí níbo ni àlejò mi ti wá.

"Kánádà."

"Kánádà! Ilẹ̀ yẹn á mà ti gbòòrò o. Láti ọjọ́ tí ogun ti bẹ̀rẹ̀, kò tún sí ará Amẹ́ríkà kankan láyé mọ́, gbogbo wọn ló ti di ará Kánádà." Ó ka ẹyin sínú páálí, kò rẹ́rìn-ín. "Sọ fún ará Kánádà rẹ kó má gba iwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Ọ̀dọ̀ mi ni Háílì ti máa ń ra súìtì fún ọmọ rẹ̀."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹfà yẹn, Luìsì wò mí bí mo ti ń gbé tíì fún un.

"Áwádì, láti ìgbà tí mo ti dé, mi ò tíì rí i kí o jẹun. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Mo sọ fún un pé àbúrò mi kú. Ó bi mí ohun tó pa á. Mo sọ bí ó ti kú, mo sì dúró níbẹ̀. Kò béèrè ẹni tó ju àdó náà. Ó gbé búrẹ́dì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Mo fẹ́ lọ kí bàbá rẹ."

"Kò pọn dandan, mà."

"Mo mọ̀ pé kò pọn dandan. Lọ́dọ̀ tiwa, bí ọmọ aládùúgbò bá kú, èèyàn kì í jókòó sílé."

A kì í lé ẹni tó fẹ́ wá kí olóòkú padà. Mo ní kó wọ aṣọ gígùn, kó bo orí, kó fi ọwọ́ ọ̀tún gba ohunkóhun tí wọ́n bá fún un. Mo tún rán an létí Kánádà. Ó mi orí. N kò rántí kọfí rárá. Láti ogún ọdún tí mo ti ń gba àlejò, n kò rí arìnrìn-àjò kan tó gbé kọfí wa sílẹ̀ rí. Kódà àwọn tó ń fajú ro máa ń gbé e mì.

Bí ogójì ọkùnrin ló wà nínú àgọ́. Àwọn obìnrin wà lódìkejì aṣọ tí a fi pín in sí méjì. Bàbá mi dìde fún un bó ti ń dìde fún gbogbo àlejò, ó fi í jókòó sí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ó kí bàbá mi, mo túmọ̀ rẹ̀.

"Áwádì," ni Mútílákì wí, "níbo ni ìyá yìí ti wá?"

Kí n tó la ẹnu, obìnrin náà ti mọ ohun tó ń béèrè. Ó wo bàbá mi lójú.

"Amẹ́ríkà," ni ó wí.

Ọkùnrin kan dìde, ó wọ bàtà rẹ̀, ó jáde. Àwọn méjì tẹ̀ lé e.

"Ẹ ò rí i!" ni Mútílákì wí. "Wọ́n jù ú tán, wọ́n tún wá wò ó bóyá ó bà á dáadáa."

Bàbá mi gbé ọwọ́ sókè. "Àlejò mi ni. Ẹ gbé kọfí fún un."

Wọ́n bu kọfí fún un. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbà á bí mo ti kọ́ ọ, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì gbé ife náà sílẹ̀ níwájú ara rẹ̀. Ó ká ọwọ́ lé itan. Ó dákẹ́.

Mo wo bàbá mi, mo sì rí i pé ojú rẹ̀ ti yí padà. Ó yẹ kó béèrè ohun tí wọ́n bá wá kó tó dáhùn. Kò béèrè. Ó ti ń retí fún ọjọ́ mẹ́fà.

"Ẹ mu kọfí yín," ni ó wí. "Ohun tí ẹ bá wá ti tẹ̀ yín lọ́wọ́."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dúró ná!" Mútílákì ti fò dìde. "Ẹ bi í! Ṣé òun ló ní òun wá bẹ̀bẹ̀ ni?"

"Bi í, Áwádì," ni bàbá mi wí, "kí àwọn wọ̀nyí náà lè gbọ́."

Mo tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Luìsì, mo fi èdè rẹ̀ bi í pé kí ló dé tí kò mu kọfí.

"Dókítà mi kò gbà kí n máa mu ún," ni ó wí. "Ọkàn mi kò lágbára. Ṣé mo ṣe ohun tí kò dára ni?"

Mo gbọ́ ọ yékéyéké. Bí mo bá túmọ̀ rẹ̀ bó ti sọ ọ́, bàbá mi ti fi ẹ̀jẹ̀ ọmọ rẹ̀ jin ẹni tí kò béèrè nǹkan kan, lójú ogójì ọkùnrin. Wọn á fi ṣe yẹ̀yẹ́ dé ìlú Máànì. Ìyẹn kọ́ ló sì burú jù. Yóò tún kọjú sí títì.

"Bàbá," ni mo wí, mo gbé ohùn sókè, "ó ní nítorí ẹ̀jẹ̀ Háílì ni òun ṣe wá. Ó ń bẹ̀ yín ní orúkọ àwọn ènìyàn rẹ̀."

Mútílákì jókòó. Ó fi ìbòrí rẹ̀ bo ojú.

"Kí ni wọ́n ń sọ?" ni Luìsì bi mí.

"Wọ́n ní ẹ káàbọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ mu ún. Díẹ̀ ni."

Ó mu ún. Bàbá mi sunkún, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Ká tó kírun ọ̀sán, a ti ká àgọ́. Bàbá mi jẹ ìrẹsì àti wàrà, ó dùbúlẹ̀, ó sùn.

Luìsì lọ ní ọjọ́ kejì. Ó di ọwọ́ mi mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. "Mo máa sọ fún àwọn ará ilé bí bàbá rẹ ṣe gbà mí," ni ó wí. "Wọn kò ní gbà gbọ́." Mo gbé àpò rẹ̀ sínú ọkọ̀, mo pa ilẹ̀kùn dé.

Fídà, ìyàwó Háílì, dúró dè mí ní ilé ìdáná ní ọjọ́ yẹn. Kí àbúrò mi tó fẹ́ ẹ, ọdún méjì ló fi ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń gba àlejò ní òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan lókè. Mo ti gbàgbé ìyẹn náà, pé ó gbọ́ èdè àwọn àlejò.

"Ẹ̀gbọ́n," ni ó wí, "aṣọ lásán ló wà láàárín wa. Mo gbọ́ ohun tí ó sọ. Dókítà ni ó dárúkọ. Kò dárúkọ ọkọ mi."

"Fídà, o rí bí bàbá ti rí."

"Mo rí i. Èmi náà ńkọ́, ta ló rí mi? Ẹ fi ẹ̀jẹ̀ Háílì jin ẹni tí kò tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n fún òun ní nǹkan! Ẹ lọ sọ òótọ́ fún bàbá, tàbí kí n lọ sọ ọ́ fúnra mi."

N kò dìde. Ó wọ yàrá bàbá mi lọ, mo tẹ̀ lé e. Bàbá mi jí sí ìró ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Fídà, ọmọ mi," ni ó wí, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. "Wọ́n wá, àbí? Mo sọ fún yín. Èèyàn kì í pa ọmọ èèyàn kó má wá." Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Èmi ti dárí jì wọ́n. Ìwọ lo ni ọkọ. Sọ tìrẹ náà, kí Háílì lè sinmi."

Mo rò pé Fídà yóò sọ òótọ́ náà fún un.

"Bàbá, ẹ má bínú," ni ó wí. "N kò lè sọ ọ́."

"Nítorí kí ni?"

"N kò kàn lè sọ ọ́ ni."

Ọ̀rọ̀ náà dé etí ìlú. Wọ́n ní obìnrin aláìnítìjú ni, tó kọ àlàáfíà tí bàbá ọkọ rẹ̀ fi omijé ṣe. Mútílákì fúnra rẹ̀ ní òkúta ló wà láyà Fídà. Oṣù kò parí tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi wá kó o lọ sí Ṣóbákì, ìlú wọn, òun àti Sábà ọmọ rẹ̀, tó jẹ́ ọmọ ọdún méjì. Bàbá mi tẹ̀ lé ọkọ̀ náà dé ìkóríta nítorí ọmọ náà. Títí tó fi kú ní ọdún kẹrin, ó ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run rọ Fídà lọ́kàn. Ó ń gbà á lójú mi, mo sì ń ṣe àmín.

Èmi ni mo lọ túfọ̀ rẹ̀ ní Ṣóbákì. Fídà sunkún gidigidi. Nígbà tó nu ojú tán, ó bi mí léèrè ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

"Ṣé ẹ sọ fún un?"

"Rárá."

"Ó dára," ni ó wí. "Kó lọ bẹ́ẹ̀."

Ó pe ọmọ rẹ̀ wá kí mi. Sábà ti di ẹni ọdún mẹ́fà, kò dá mi mọ̀. Ó kúnlẹ̀ níwájú mi, ó wo ojú mi fín-ní-fín-ní.

"Ṣé Wádì Músà ni ẹ ti wá? Wọ́n ní níbẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ pé ìyá mi kò mọ bí a ti ń dárí ji èèyàn. Ṣé òótọ́ ni?"

Fídà ń wò mí. Kò mójú kúrò lára mi.

Mo ní kó bi ìyá rẹ̀. Mo wọ bàtà mi, mo jáde sí oòrùn.