Iwájú Ilé Alága

“Sọ fún wọn pé ara mi ò yá,” Wilber wí láti abẹ́ márúwá rẹ̀, níbi tó ti ń fi àkísà nu ṣéènì. “Tàbí kó o sọ òótọ́. Sọ pé mi ò gbẹ́ kòtò fún irọ́ mọ́.”

Nélida ìyàwó rẹ̀ dúró tì í. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti bó nítorí díígà tó fi na òkúta iwájú ilé lánàá, òkúta ọ̀hún ò sì ju kó ha díẹ̀ lọ.

Gbogbo òkè Alto Mirador ló ti gbẹ́ kòtò páìpù tán. Iwájú ilé alága ẹgbẹ́ àdúgbò nìkan ló kù, Nélida fúnra rẹ̀ sì ni alága. Lọ́la, ọjọ́ Ajé, ni àwọn òṣìṣẹ́ omi ń bọ̀ láti àárín ìlú Lima wá yẹ ilẹ̀ wò. Bí kòtò bá já níbì kan, wọn ò ní fa páìpù kọjá ibẹ̀, gbogbo ilé tó wà lókè á sì máa ra omi ọkọ̀ sínú dúrọ́mù nìṣó. Òfin wọn ni pé onílé ló ń gbẹ́ iwájú ilé rẹ̀. Aládùúgbò kì í bá a fọwọ́ kàn án, torí bí wọ́n bá gba ìyẹn láyè, oníkálukú á jókòó máa mu tíì.

Nélida ti bẹ Wilber, ó ti bú u. Láàárọ̀ yìí, ó tún sọ ohun tó máa ń sọ, pé ó dá òun lójú pé tọ̀tẹ̀ yìí yàtọ̀. Wilber fi imú rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn gan-an ló máa ń bí Nélida nínú ju èébú lọ.

“Kò sẹ́ni tó ń ṣe nǹkan lásán,” Wilber ní. “Àwọn tó ń bọ̀ lọ́la ń wá ìbò fún ọ̀gá wọn. Rosendo ń wá kó lè jọ èèyàn ńlá. Ìwọ ń wá kí wọ́n máa kí ọ ní alága.”

Ọ̀rọ̀ náà dun Nélida wọra. Rosendo aládìẹ, akọ̀wé ẹgbẹ́, ti dé ẹnu ọ̀nà, ó sì gbọ́ ọ látòkèdélẹ̀. Ojú rẹ̀ le koko.

“Alága, a ti fẹnu kò,” ó wí. “Ẹ kéde rẹ̀ lórí gbohùngbohùn bí ẹ ṣe máa ń kéde àwọn yòókù tí kò gbẹ́ tiwọn. Ẹ ní ọ̀tá ìlọsíwájú ni.”

Bí òun àti Rosendo ṣe ń gun àtẹ̀gùn lọ síbi gbohùngbohùn nínú òjò wínníwínní, Nélida ń gbé ọ̀rọ̀ wò lọ́kàn. Ọ̀lẹ? Ta ló máa pe ẹni tó ń wa márúwá láti ìdájí ní ọ̀lẹ? Ẹlẹ́gàn? Ó ń gàn lóòótọ́, kò sì gbà pé ẹnikẹ́ni lè ní inú kan. Aláìnírètí ńkọ́? Aláìnírètí kì í bínú tó bẹ́ẹ̀, á ti lọ sùn ní tirẹ̀. Àwọn èèyàn kàn ń ju irú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí luni ni, wọn kì í wo ibi tó ń bà. Wilber ti gbẹ́ kòtò yìí lẹ́ẹ̀mejì rí. Nígbà méjèèjì, òun ló kọ́kọ́ parí. Nígbà tí ẹnikẹ́ni ò wá fa páìpù, òun náà ló tún fi òkúta àti iyẹ̀pẹ̀ dí i, kí ọmọ ọlọ́mọ má bàa já sí i. Ayé ò sú ọkùnrin yẹn. Ìlérí ló sú u.

Ó gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ Rosendo. Ohùn rẹ̀ gba gbogbo òkè kan.

“Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará àdúgbò. Nélida ni. Iwájú ilé mi nìkan ló kù, ẹ ti rí i. Wọ́n ní kí n pe ọkọ mi ní ọ̀tá ìlọsíwájú, mi ò ní pè é bẹ́ẹ̀. Wọ́n tàn án lẹ́ẹ̀mejì, kò sì fẹ́ kí wọ́n tan òun mọ́. Mo ti ń sọ fún yín pé ó dá mi lójú pé omi ń bọ̀. Irọ́ ni mo pa. Kò dá mi lójú rí. Àmọ́ bí wọ́n bá dé lọ́la, tí kòtò dí níwájú ilé mi, mi ò mọ ojú tí màá fi wo Màmá Agripina tó ń ra omi ọkọ̀ lókè wa. Mò ń lọ gbẹ́ ẹ.”

Rosendo já gbohùngbohùn gbà, ó béèrè bóyá orí Nélida pé. Nélida sọ̀kalẹ̀, ó gbé díígà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í na òkúta, inú ń bí i sí Wilber, sí Rosendo, sí ara rẹ̀.

Wilber jáde, ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún gírísì.

“Kò dá ọ lójú?”

“Kò dá mi lójú.”

“Láti ìgbà wo?”

“Láti ìgbà tó o ti dí kòtò àkọ́kọ́.”

Wilber ò rẹ́rìn-ín.

“Èmi rò pé èmi nìkan ni,” ó wí. “Nínú ilé kan náà, Nélida. Èmi rò pé èmi nìkan ni.”

Ó gba díígà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kó sún sẹ́yìn kí òkúta má bàa ta sí i lójú. Ó wu Nélida kó sọ pé bóyá wọ́n á wá lóòótọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì, ó mú ṣọ́bìrì, ó ń kó iyẹ̀pẹ̀ tí ọkọ rẹ̀ ń hú jáde.