Sípánà Tí Kò Ní Ojú Lára Pátákó

Àpò ni Olúṣẹ̀yẹ kọ́kọ́ gbọ̀n. Ó dojú ẹ̀ délẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀: ẹ̀wù jáde, ọṣẹ jáde, bàtà jáde. Sípánà kékeré tó ń wá kò jáde.

David àbúrò rẹ̀ jókòó ti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fín kòkó, èyí tí Olúṣẹ̀yẹ fẹ́ tún ṣe, ó ń rẹ́rìn-ín.

“Ẹ̀gbọ́n, bàálù ológun lẹ ń tún ṣe, ẹ̀rọ kòkó wá ń lé yín sá? Ẹ jẹ́ n kúkú lọ pe mẹkáníìkì ọ̀kadà.”

“Dákẹ́ ná, David.”

Ó gbọn àpò náà lẹ́ẹ̀kejì. Ó ki ọwọ́ bọ gbogbo kọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó dáwọ́ dúró. Ó ti rántí ibi tó ti lò ó kẹ́yìn.

Inú ikùn bàálù ni.

Ọdún kejìdínlọ́gbọ̀n rèé tí Olúṣẹ̀yẹ ti ń ṣiṣẹ́ nídìí bàálù àwọn ológun lókè Ọya. Kì í fò. Ilẹ̀ ni iṣẹ́ tirẹ̀ mọ: kó tú u, kó dè é, kó fọwọ́ sí i pé ó yá. Ìwé rẹ̀ kò pọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ló mọ̀wé.

Òfin kan wà níbẹ̀ tó ju gbogbo òfin lọ. Pátákó ńlá kan wà lára ògiri, wọ́n fi ọ̀dà dúdú ya àwòrán irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sí i. Òòlù ní ojú tirẹ̀, sípánà ní ojú tirẹ̀. Bí iṣẹ́ bá parí, oníkálukú á padà sórí àwòrán ara rẹ̀. Bí ojú kan bá ṣófo, bàálù ò ní gbéra, ìbáà jẹ́ ọ̀gágun ló fẹ́ wọ̀ ọ́.

Ṣùgbọ́n sípánà yìí kò ní ojú lára pátákó. Ọjà Ìdànrè ni Olúṣẹ̀yẹ ti rà á, ó fi iná tẹ ọrùn rẹ̀ kó lè dé ibi tí ti ìjọba kì í dé. Èèwọ̀ ni. Ó mọ̀. Ọdún mẹ́ta ló ti ń gbé e pamọ́ sápò aṣọ iṣẹ́. Lọ́jọ́bọ̀, wọ́n ka pátákó, pátákó pé, ó fọwọ́ sí ìwé, ó sì sáré lọ wọ mọ́tò Àkúrẹ́, kó lè wá sinmi nílé ní Ìdànrè. Èyí tí pátákó ò mọ̀, ta ni yóò bèèrè rẹ̀?

Agatha ni yóò gbé bàálù náà fò lónìí, ní agogo mẹ́wàá. Ọ̀gá ni ọmọbìnrin awakọ̀ náà jẹ́ fún un, ṣùgbọ́n “Bàbá mi” ló máa ń pè é. Kó tó gòkè, á bèèrè pé, “Bàbá mi, ṣé ó yá?” Bí Olúṣẹ̀yẹ bá ti ní ó yá, kì í tún bi ẹnikẹ́ni mọ́.

Agogo mẹ́sàn-án ti kọjá ogún ìṣẹ́jú.

Ìyá rẹ̀, tó ń tẹ́ kòkó sóòrùn lójúde, rí ojú rẹ̀, ó bi í léèrè. Olúṣẹ̀yẹ sọ ọ́ fún un.

“Ṣé ó dá ọ lójú pé ibẹ̀ ló wà?”

“Kò dá mi lójú, Ìyá. Ó lè ti bọ́ sínú mọ́tò.”

“O ò gbọ́ ohun tí ẹnu ara rẹ sọ? Ọdún méjì ló kù kó o fẹ̀yìn tì, Olúṣẹ̀yẹ. Wọ́n á já ìlà oyè apá aṣọ rẹ, wọ́n á tì ọ́ mọ́lé. Kúnlẹ̀, jẹ́ ká fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́.”

Ó kúnlẹ̀. Ìyá ń pe Ọlọ́run. Sípánà ni Olúṣẹ̀yẹ ń gbọ́. Ó ń gbọ́ ọ bó ṣe ń yọ̀, díẹ̀díẹ̀, lọ sídìí wáyà tí awakọ̀ fi ń darí bàálù. Àdúrà ò tíì dé Àmín tó fi dìde.

Kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì nílé. Àpáta dí i. David fi ọ̀kadà gbé e dé ìdí àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè, òun nìkan wá ń gùn ún lọ. Bó ti ń gbẹ́sẹ̀ ni nǹkan ń sọ fún un pé padà, inú mọ́tò ni. Kò padà. Níbi tí àwọn èèyàn ti ń sinmi, fóònù mú. Ó pe Ọ̀ṣúndé, ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́.

“Ọ̀gá, ẹ má jẹ́ kó fò. Olúṣẹ̀yẹ ni, sà. Sípánà mi... ó wà nínú ẹ̀.”

“Sípánà wo? Èmi fúnra mi ka pátákó. Ó pé.”

“Kò sí lára pátákó, sà. Tèmi ni, ọdún mẹ́ta ni mo ti ń lò ó.”

Nínú fóònù, Olúṣẹ̀yẹ gbọ́ ẹ́ńjìnnì bàálù lẹ́yìn Ọ̀ṣúndé. Wọ́n ti tan án.

“O gbé irinṣẹ́ ilé wọ bàálù?”

“Ẹ ṣáà dá a dúró ná, sà! Ẹ jọ̀ọ́!”

Ó gbọ́ tí Ọ̀ṣúndé ké, “Pa á! Ẹ ní kó pa á!” Fóònù já.

Ó pè é padà. Kò wọlé. Ó tún pè é. Ó jókòó lórí àtẹ̀gùn, ó tẹjú mọ́ fóònù bí ẹni ń ṣọ́ ejò. Agogo mẹ́wàá lù, ó kọjá. Agogo mọ́kànlá ń sún mọ́lé kí fóònù tó dún.

“Bàbá mi.”

Ohùn Agatha ni. Olúṣẹ̀yẹ dìde dúró.

“Wọ́n ti rí i. Ó há sẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà tí mo fi ń darí bàálù. Wọ́n ní kí ẹ máa bọ̀ lọ́la. Wọ́n ti ń kọ ìwé ẹ̀sùn yín.”

“Mo gbọ́, mà.”

“Ọdún mẹ́ta, Bàbá mi. Gbogbo ìgbà tí mo ń bi yín pé ṣé ó yá?”

“Mo máa ń... mo máa ń rò pé ó yá, mà.”

Agatha rọra pa fóònù.

Olúṣẹ̀yẹ di irin ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn mú, ó ń sọ̀ kalẹ̀. David dìde lórí ọ̀kadà.

“Ṣé wọ́n rí i?”

“Wọ́n rí i.”

“Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run! Kí ló tún wá ń gbọ̀n yín?”

“Gbé mi délé,” Olúṣẹ̀yẹ wí. “Mo fẹ́ palẹ̀ àpò mi mọ́.”