Fèrè Aago Mẹ́rin

Àpò ìrẹsì náà ń fò sókè lẹ́yìn píkọ́ọ̀pù bí táyà ṣe ń já sí kòtò, ìgbàkígbà tó bá sì balẹ̀ gbì, Àsàmáù á bojú wẹ̀yìn bí ẹni pé ènìyàn ni wọ́n gbé síbẹ̀. Páàdì tàdáwà wà lórí itan rẹ̀. Ìwé tí wọ́n fẹ́ kí Bàbá Ládélé tẹ̀ka sí wà lábẹ́ páàdì náà, nínú fáìlì. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tẹ̀ ẹ́ lánàá ní ọ́fíìsì wọn ní Ìkàrẹ́, kò sì sí àṣìkọ kan ṣoṣo níbẹ̀.

Ìlà mẹ́fà péré ni. Ó sọ pé fèrè ìkìlọ̀ ké ní aago mẹ́rin kí wọ́n tó fi ẹ̀tù fọ́ òkúta. Ó sọ pé Sẹ̀gilọlá, ìyàwó Bàbá Ládélé, gbọ́ fèrè náà lóko, ṣùgbọ́n kò kúrò. Nítorí náà, ilé iṣẹ́ òkúta kò jẹ̀bi ikú rẹ̀, ẹbí sì ti gba ìrẹsì àti òróró, wọ́n dúpẹ́.

"Ìwọ lọmọ agbègbè yìí," ni Ọ̀gá Rufus wí. Òun ni máníjà ilé iṣẹ́ náà, òun ló ń wa ọkọ̀. "Èmi ò gbọ́ ohùn Ọ̀kà yìí dáadáa. Kà á fún bàbá náà bó ṣe máa yé e, kó tẹ̀ka, ká máa lọ. Lọ́jọ́ Ẹtì, mo máa sáìnì lọ́gíbúùkù ìkọ́ṣẹ́ ẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí. Mo sì ti dárúkọ ẹ fún wọn l'Ékòó. Tó o bá jáde ilé ẹ̀kọ́, o ò ní wáṣẹ́ kiri."

"Ẹ ṣé, sà."

Ó dúpẹ́ tán, ojú tì í. Kò tilẹ̀ mọ ohun tó ń dúpẹ́ fún.

Oṣù kẹta rèé tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ìkọ́ṣẹ́ tí ilé ẹ̀kọ́ wọn ní Ọ̀wọ̀ máa ń rán wọn lọ nígbà ìsinmi. Ìmọ̀ ìṣòwò ló ń kọ́. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó lọ sí báńkì ń po tíì fún ọ̀gá. Ní tirẹ̀, ọ̀sẹ̀ kẹta ló pé tí Ọ̀gá Rufus fi ní kó wá ibi tí ilé iṣẹ́ ti ń fi nǹkan ṣòfò, kó kọ ọ́ wá. Inú rẹ̀ dùn ṣìnkìn. Ó wá a, ó sì rí Yẹ̀kínì.

Agogo ni iṣẹ́ Yẹ̀kínì. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ fọ́ òkúta, á ti gba ẹ̀yìn òkè lọ láti òwúrọ̀, á máa ti oko kan bọ́ sí òmíràn, á máa lu agogo, kò sì ní padà títí gbogbo ènìyàn á fi kúrò. Odidi ọjọ́ kan gbáko! Bẹ́ẹ̀ ilé iṣẹ́ ti ra fèrè ńlá tó ń fi jẹnẹrétọ̀ ké, tí wọ́n ń gbọ́ títí dé ọjà. Àsàmáù wo máàpù tó wà lára ògiri ọ́fíìsì. Funfun báláú ni ẹ̀yìn òkè, kò sí ilé, kò sí ọ̀nà. Ó tẹ̀ ẹ́ sínú ripọ́ọ̀tù rẹ̀ pé kò sẹ́ni tó ń gbé ibẹ̀, pé ohun tí ènìyàn kan ń fi ọjọ́ kan ṣe, ìṣẹ́jú kan ni fèrè ń fi ṣe é. Ọ̀gá Rufus kà á sókè létí gbogbo òṣìṣẹ́, ó ní orí ọmọ náà pé. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n dá Yẹ̀kínì dúró.

Kò sẹ́ni tó bi í bóyá ó ti dé ẹ̀yìn òkè rí. Ọmọ Ìkàrẹ́ ni, ọmọ Limota aláṣọ. Oko tó mọ̀ kò ju èyí tí wọ́n ń gbà kọjá nínú mọ́tò lọ. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà, ṣùgbọ́n ta ló máa ń rántí àkísà nígbà tí wọ́n bá ń pàtẹ́wọ́ fún un? Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà, òkúta kan fò kọjá lórí òkè, ó bá Sẹ̀gilọlá nídìí ààrò níbi tó ti ń bẹ ẹ̀gẹ́. Wọn kò tíì gbé e délé tó fi kú.

Bàbá Ládélé wà lórí àpótí níwájú ilé rẹ̀ ní Ọ̀kà nígbà tí wọ́n dé. Àsàmáù kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ọ̀rọ̀ ènìyàn, bàbá. Ẹ kú àmúmọ́ra."

Ọkùnrin kan tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá gbójú sókè. Yẹ̀kínì ni. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i, ó kí i dáadáa. Kò mọ ẹni tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òun.

Àsàmáù ka ìwé náà. Ó kà á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ní ohùn ilé, bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń bá àgbàlagbà oníbàárà sọ̀rọ̀. Ìgbà tó parí, bàbá kò wo ìwé, kò wo àpò ìrẹsì. Ojú Àsàmáù ló ń wò.

"Ó gbọ́ ọ?"

"Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ nìyẹn, bàbá."

Wọ́n. Àsàmáù fúnra rẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe ń bọ́ lẹ́nu òun.

"Ohun tí gbogbo ìlú ń sọ náà nìyẹn," ni bàbá wí. "Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Etioro ò wá sìnkú. Wọ́n ní ẹni tó gbọ́ tí kò sá, ara rẹ̀ ló pa." Ó fọwọ́ ra orúnkún rẹ̀. "Ọdún méjìdínlógójì la fi jọ gbé. Bí agogo Yẹ̀kínì bá ti dún, ọbẹ̀ ì báà máa hó lórí iná, á fi í sílẹ̀, á ní ká máa lọ. Èmi ni mo máa ń ṣagídí. Lọ́jọ́ náà, ẹsẹ̀ ń ro mí, òun nìkan ló lọ." Ó nawọ́ sí Ọ̀gá Rufus. "Sọ fún un pé kó lọ fọn fèrè rẹ̀. N ó lọ dúró síbi tó kú sí. Bí mo bá gbọ́ ọ níbẹ̀, mo gbà pé òun náà gbọ́ ọ. N ó tẹ̀ka."

Ọ̀gá Rufus rẹ́rìn-ín nígbà tí Àsàmáù sọ ọ́ fún un. Ní sáìtì tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, ènìyàn á fọwọ́ dí etí bí fèrè náà bá ń ké. Kò rí ohun tó le nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ó wo bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wo ọ̀nà oko.

"Bá wọn lọ. Mo máa ní kí wọ́n tẹ fèrè náà ní aago mẹ́rin géérégé. Tí ẹ bá ti gbọ́ ọ, kó tẹ̀ka, ìwọ náà sáìnì bí ẹlẹ́rìí." Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ máa gbọ́ ọ, Àsàmáù. Ṣó yé ẹ?"

Ó yé e.

Bí ogójì ìṣẹ́jú ni wọ́n fi rìn. Yẹ̀kínì ṣáájú, ó ń fi àdá pa koríko sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà fún bàbá. Àsàmáù ló kẹ́yìn. Òkè náà dúró gbagidi láàárín wọn àti sáìtì, bí wọ́n sì ṣe ń yí i po ni ariwo ẹ̀rọ tó ń lọ òkúta ń rẹlẹ̀, títí ó fi dákẹ́ pátápátá. Àsàmáù mọ ibi tó ti dákẹ́. Ó dúró níbẹ̀, ó fẹ́ padà sẹ́yìn lọ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Èmi ni mo pa á," ni Yẹ̀kínì ṣàdédé wí, kò bojú wẹ̀yìn. "Lẹ́yìn tí wọ́n dá mi dúró, mo ṣì fẹsẹ̀ mi rìn ín lẹ́ẹ̀mẹta, mo lu agogo, n kò gba kọ́bọ̀. Mo mọ̀ pé fèrè yẹn ò dé ibí. Ìgbà kẹrin ni mo lọ roko olóko ní Òkè-Àgbè. Ebi ni, àǹtí. Ìgbà kẹrin yẹn ló bọ́ sí."

Àsàmáù tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ẹyin lohùn, wọ́n á ní bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Tirẹ̀ ti balẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ kẹta, àwọn ẹlòmíràn ló sì ń ṣa èèpo rẹ̀.

Ahéré náà kéré. Ọ̀kan nínú òkúta ààrò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti là sí méjì. Ẹ̀gẹ́ tó ti bẹ wà nínú abọ́, ó ti dúdú, èèrà ti bò ó. Aṣọ ìborùn kan ṣì wà lórí ẹ̀ka kòkó níbi tí ẹni tó ni ín sá a sí. Kò sẹ́ni tó láyà láti ká a.

Aago ọwọ́ Àsàmáù ku ìṣẹ́jú mẹ́ta kó lu mẹ́rin. Bàbá Ládélé dúró sídìí ààrò. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó tì í bọ àpò, bí ẹni pé fìlà ló lè dí òun létí. Yẹ̀kínì rọra fi àdá sílẹ̀.

Aago mẹ́rin lù.

Ewé kòkó gbígbẹ kan já, ó balẹ̀. Ẹyẹ kan ń ké nísàlẹ̀ odò. Àsàmáù pa ojú dé. Bóyá aago òun ló ń sáré. Ó ka ọgọ́ta, ó tún ka ọgọ́ta. Gbogbo ara rẹ̀ ló fi ń wá fèrè náà. Ó fẹ́ kó ké, Ọlọ́run mọ̀ pé ó fẹ́ kó ké, ì báà ṣe bí ohùn ẹ̀fọn. Bó bá ké, obìnrin kan ló ṣagídí. Bí kò bá ké, òun ló jẹ̀bi.

Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

"Ọmọ mi," ni bàbá wí, "etí tèmi ti darúgbó. N kò lè fi ṣẹ̀rí. Wọ́n ti lé Yẹ̀kínì níṣẹ́, wọ́n á ní irọ́ ló ń pa. Ìwọ ni etí tó kù. Ṣé o gbọ́ ọ?"

Fáìlì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́gíbúùkù wà ní Ìkàrẹ́, lórí tábìlì Ọ̀gá Rufus, ó ń dúró de ọjọ́ Ẹtì. Láìsí ìbuwọ́lù yẹn, ọdún kan gbáko ló máa tún jókòó sílé. Ìyá rẹ̀ ti sọ fún gbogbo ọjà pé ọmọ òun ti ríṣẹ́ kó tó jáde.

"N kò gbọ́ nǹkan kan, bàbá."

"Kò ké?"

"Ó ti ké. Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Kò dé ibí ni." Ó sún mọ́ bàbá. "Èmi ni mo kọ ọ́ sínú ìwé pé kò sẹ́ni tó ń gbé ibí. Èmi ni mo ní kí wọ́n dá Yẹ̀kínì dúró."

Ó rò pé bàbá máa ṣépè. Ó ti ń dúró dè é. Ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni pé apá kejì ọ̀rọ̀ náà kò tíì dé ọ̀dọ̀ bàbá. Ó jókòó lé òkúta ààrò, ó fọwọ́ bojú.

"Kò gbọ́ ọ," ló ń sọ. "Sẹ̀gilọlá ò gbọ́ ọ. Kò ṣagídí." Ó sì sunkún bí ọmọdé.

Yẹ̀kínì ló gbọ́ apá kejì náà. Ó yíjú sí Àsàmáù. Kò sí ẹ̀rín kankan lójú rẹ̀ mọ́.

"O ti débí rí?"

"N kò débí rí."

Ó mi orí, bí ẹni tó rí ìdáhùn sí ohun tó ti ń bi ara rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ó ká aṣọ lórí ẹ̀ka kòkó, ó fi lé bàbá léjìká, ó fà á dìde. Àwọn méjèèjì mú ọ̀nà pọ̀n. Kò sẹ́ni tó ní kó máa bọ̀.

Àsàmáù dúró pẹ̀lú ìwé tí ẹnikẹ́ni kò tẹ̀ka sí. Ibi tó wà ga díẹ̀, ó sì lè rí ẹ̀yìn òkè láti ibẹ̀ títí lọ sí apá odò. Láàárín igi kòkó nísàlẹ̀, èéfín kan ń gòkè, wọ́n ń dáná alẹ́. Lápá òsì, òmíràn. Ó nawọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n. Márùn-ún ni. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n tún máa fọ́ òkúta, kò sì sẹ́ni tó máa lu agogo.

Ó tún wọn kà.