Kifayah Ò Lọ sí Adégbayì

Mo gbé bàtà Kifayah pamọ́ sẹ́yìn àgbá omi láàárọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ sọ ọmọ mi kejì lórúkọ, mi ò sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá mọ àbúrò mi yìí ò ní bá mi wí.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe nílé wa ní Lálúpọn. Áàpù tó ń rán àwọn ìyá létí ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ wọn ló ń bá iléeṣẹ́ kan kọ. Nígbàkígbà tó bá tún un ṣe, kọ̀ǹpútà rẹ̀ á kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ di fáìlì ńlá kan, fáìlì yẹn ló sì gbọ́dọ̀ gbé sí ibi ìpamọ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì kí àwọn yòókù tó rí i lò. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé wa ò lè gbé e. Ló bá di kó gun ọ̀kadà lọ sí Adégbayì, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dára, kó jókòó síbẹ̀ títí fáìlì náà yóò fi wọlé. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe lọ lọ́jọ́ ìkómọ àkọ́bí mi. Gbogbo ẹbí ló fún ọmọ lórúkọ, àbúrò mi nìkan ni kò fún un. Ó dùn mí dọ́kàn.

Ní ti èkejì yìí, ó ṣèlérí pé òun ò ní kúrò lójú kan. Mo ní a ó máa wò ó.

Ààfáà ti ṣe bísímílà nígbà tí fóònù Kifayah dún. Iléeṣẹ́ náà ló pè: áàpù ń sọ ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ abẹ́rẹ́ fáwọn ìyá, ọ̀pọ̀ wọn sì ti ń dúró nílé ìwòsàn. Ó yọ́ wọ yàrá. Mo gbé ọmọ tẹ̀lé e, inú ti ń bí mi.

"O tún ń lọ, àbí?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fara balẹ̀." Ó ń tẹ kọ̀ǹpútà wàràwàrà. "Mi ò gbé fáìlì kankan mọ́. Àtúnṣe kékeré tí mo kọ yìí nìkan ni mo fẹ́ fi ránṣẹ́, nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa á gbé ìyẹn. Kọ̀ǹpútà kan wà níbòmíì tó máa kó o pọ̀, tó sì máa gbé e síbi ìpamọ́. Mo ti ṣètò ẹ̀ sílẹ̀."

"Ta ló máa wà níbẹ̀ tí á máa tẹ̀ ẹ́?"

"Kò sẹ́nì kankan. Fúnra ẹ̀ ni."

Mi ò gbà á gbọ́. Ó pa kọ̀ǹpútà dé, ó fẹsẹ̀ lásán jáde. Mo retí kó béèrè bàtà, kò béèrè. Ó lọ jókòó ti Màámi lórí ẹní, ó nawọ́, mo sì gbé ọmọ fún un.

Ààfáà pe ọmọ ní Yasir, orúkọ tí bàbá rẹ̀ mú wá. Àwọn àgbà ń sọ tiwọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kù díẹ̀ kó kan Kifayah ni fóònù rẹ̀ gbọ̀n lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ọmọ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò lè mú un. Èmi ni mo kà á.

"Kí ni wọ́n wí?" Ojú rẹ̀ ò kúrò lára ọmọ.

"Wọ́n ti rí fáìlì tuntun. Ọjọ́ abẹ́rẹ́ ti tọ̀nà, wọ́n ti ń dá àwọn ìyá lóhùn. O ò sì tiẹ̀ mira níbi tó o wà!"

Mo bú sẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú mi, gbogbo èèyàn ń wò mí. Inú mi dùn débi pé mi ò mọ ohun tí mo lè fi ara mi ṣe.

"Àbúrò ìyá ọmọ," Ààfáà pè é, "orúkọ wo lo mú wá?"

Kifayah gbé ọmọ sún mọ́ àyà. "Tẹniọlá," ló wí.

Yasir ni bàbá rẹ̀ ń pè é. Tẹniọlá lèmi ń pè é, níṣojú ẹnikẹ́ni.