Ìyá Fáìlì àti Ètò Kọ̀ǹpútà Mẹ́ta

"Ẹ fi ẹni tí a kò gbọdọ̀ yọ eyín rẹ̀ lónìí hàn mí."

Ọkùnrin tó wọ kóòtù, tó ti ń fi ètò kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ rẹ̀ hàn àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn eyín kan láti bí ààbọ̀ wákàtí, dákẹ́ lójijì. Ó ti fi bí àwọ̀ ètò náà ṣe ń yí padà hàn wọ́n. Ó ti fi bó ṣe ń kí aláìsàn kú ọjọ́ ìbí hàn wọ́n. Àwọn nọ́ọ̀sì ti rẹ́rìn-ín, dókítà kékeré tó wà láàárín wọn ti mi orí pé ó dára ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ. Kò rò ó rárá pé obìnrin tó jókòó lẹ́yìn pátápátá, tó gbé ìwé lé itan, lè ní ìbéèrè kankan.

Ó ní ìbéèrè náà kò yé òun. Obìnrin náà fara balẹ̀ tún un sọ. Ó ní kó fi orúkọ bàbá kan sínú ètò náà, bàbá tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kó wá ṣe bí ẹni tó fẹ́ yọ eyín rẹ̀. Níbo ni ìkìlọ̀ yóò ti yọjú? Ọkùnrin náà tẹ ibì kan, ó tẹ ibòmíràn. Ìgbà tó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀karùn-ún ni ọ̀rọ̀ oògùn náà tó jáde nísàlẹ̀ ojú ewé, tíntìntín bí ẹsẹ̀ èèrà. Obìnrin náà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì kọ "márùn-ún" sínú ìwé.

Ìyá Fáìlì ni gbogbo wọn ń pè é. Ọdún kẹtàlélógún rẹ̀ rèé nílé ìwòsàn náà, níbi tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ abẹ ẹnu: wọ́n ń yọ eyín tó sùn sínú egungun, wọ́n ń gé kókó, wọ́n ń to párì ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ṣẹ́. Òun àti Dókítà Àgbà ni wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀, nígbà tí yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n ní, tí àga aláìsàn ń han bí ẹni tí eyín ń dùn bí wọ́n bá ti gbé e sókè. Òun ló ń gba èèyàn wọlé, òun ló ń dá ọjọ́ fún wọn, òun náà ló ń tọ́jú fáìlì tó kún yàrá ẹ̀yìn láti ilẹ̀ dé àjà. Aláìsàn kì í tíì jókòó tí fáìlì rẹ̀ á ti wà lórí tábìlì. Bí oògùn kan kò bá bá èèyàn lára mu, yóò fi bírò pupa fa ìlà kan sí ẹ̀yìn fáìlì onítọ̀hún. Ìlà méjì ni ti ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò lágbára, mẹ́ta sì ni ti ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í tètè dá. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Òun ló rò ó, òun ló sì ṣe é.

Oṣù méjì ṣáájú ni ohun tó fa ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ṣẹlẹ̀. Bàbá arúgbó kan, awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, wá yọ eyín ẹ̀yìn méjì. Ìyá Fáìlì wá fáìlì rẹ̀ títí, kò rí i. Èrò pọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, nọ́ọ̀sì bá ṣí fáìlì tuntun fún bàbá, ó sì bi í bóyá ó ń lo oògùn kankan. Bàbá ní rárá. Lójú tirẹ̀, kóró kékeré tó ti ń gbé mì láràárọ̀ láti ọdún méje kì í ṣe oògùn mọ́, bí ìgbà tí èèyàn ń bọ́jú ni. Dókítà kékeré ti gún un ní abẹ́rẹ́ tó ń mú ẹnu kú, ó sì ti gbé irinṣẹ́, nígbà tí Ìyá Fáìlì, tó ṣì ń tú fáìlì ká, rántí ojú bàbá náà. Bó ṣe rántí ojú rẹ̀ ló rántí ìlà pupa mẹ́ta. Ó sáré wọ yàrá iṣẹ́ abẹ láìkanlẹ̀kùn, ohun tí kò ṣe rí láyé rẹ̀.

"Dókítà, ẹ dúró. Ẹ̀jẹ̀ bàbá yìí kì í dá."

Wọ́n dúró. Wọ́n ní kí bàbá lọ rí dókítà tó ń tọ́jú ọkàn rẹ̀ kó tó padà wá. Gbogbo ilé ìwòsàn kan sáárá sí Ìyá Fáìlì, ṣùgbọ́n òun nìkan ni inú rẹ̀ kò dùn. Ní ọjọ́ kejì ló rí fáìlì náà láàárín ti àwọn ẹlòmíràn. Ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ló tì í síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó rí i, ì bá sì ti fi í sí àyè rẹ̀ kó dákẹ́. Ṣùgbọ́n ó gbé e lọ sórí tábìlì Dókítà Àgbà, ó ní òun ló ṣì í gbé, kí wọ́n má bá nọ́ọ̀sì wí.

Dókítà Àgbà wo fáìlì náà, ó wo ìyá náà.

"Orí yín ló kó wa yọ lánàá," ó wí. "Ṣùgbọ́n bí aago mẹ́rin bá ti lù, orí yín á bá yín lọ sílé. Ohun tí a nílò báyìí ni èyí tí kì í bá ẹnikẹ́ni relé."

Ó wá sọ èyí tó ya ìyá náà lẹ́nu, pé ìyá náà fúnra rẹ̀ ni òun fẹ́ kó yan ètò kọ̀ǹpútà tí wọn yóò máa lò.

Dókítà kékeré kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ ẹ. Obìnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún ni, ọwọ́ rẹ̀ yá, ó sì mọṣẹ́ dunjú. Kò sọ ọ́ bí ẹni ń bú àgbà. Ó kàn béèrè pé ṣé ẹni tí kò wakọ̀ rí ni wọ́n ń rán lọ yan ọkọ̀. Dókítà Àgbà dá a lóhùn pé ẹni tó ń jókòó sínú ọkọ̀ lójoojúmọ́ náà mọ ibi tó ti ń gbọ̀n.

Ọ̀rọ̀ náà wọ Ìyá Fáìlì lára, pàápàá nítorí pé òótọ́ wà nínú rẹ̀. Nígbà tó sọ fún ọmọbìnrin rẹ̀, olùkọ́ ilé ìwé girama, ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí ó fi rí i pé ìyá òun kò bá òun rẹ́rìn-ín. Ló bá gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá. Gbogbo ọ̀sán Sátidé ni ìyá àti ọmọ fi ń jókòó sídìí tábìlì ìjẹun. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìyá gbé máòsì sókè bí ẹni gbé ẹyin. Ọmọ ní kó má gbé e, kó máa wọ́ ọ nílẹ̀, ohùn tó sì fi sọ ọ́ kò yàtọ̀ sí èyí tó fi ń bá àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ wí. Ìyá gbà á bẹ́ẹ̀. Nígbà tó di Sátidé kẹta, ó ti ń fi ìka méjì kọ orúkọ ara rẹ̀, kò sì ṣì í kọ.

Ọjọ́ yẹn ni ọmọ rẹ̀ béèrè ohun tó ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. "Mọ́mì, ẹ̀rù ò bà yín pé nǹkan yìí máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín?"

Ìyá Fáìlì kò gbé ojú kúrò lára kọ̀ǹpútà. "Bó bá lè ṣe iṣẹ́ mi dáadáa, kó gbà á. Bí kò bá lè ṣe é, èmi ló yẹ kó mọ̀."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ aláìsàn sínú ìwé. Orúkọ wọn kì í ṣe òótọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ìṣòro wọn ló ti gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá láàárín ọdún mẹ́tàlélógún: aláboyún, ẹni tí ìtọ̀ ṣúgà ń bá jà, odi tí ẹlòmíràn ń gbẹnusọ fún, ẹni tó yí orúkọ padà nígbà tó lọ́kọ. Méjìlá ni wọ́n, bàbá awakọ̀ náà sì wà lára wọn. Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ta ètò kọ̀ǹpútà fún wọn ni yóò fi àwọn méjìlá náà sínú tirẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn.

Ọkùnrin oníkóòtù ni wọ́n kọ́kọ́ rí. Ẹnì kejì jẹ́ ọkùnrin kan tó ní orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni ètò tòun ń gbé. Ìyá Fáìlì ní kí wọ́n yọ wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì lára ògiri, ojú kọ̀ǹpútà sì funfun báláú. Ọkùnrin náà ní irú rẹ̀ kì í sábà ṣẹlẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan wúkọ́ láti fi bo ẹ̀rín mọ́lẹ̀, nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà tí ọkùnrin náà ti wọlé.

Ẹnì kẹta jẹ́ obìnrin, òun nìkan ló dá wá. Òun àtàwọn méjì kan ló jọ ṣe ètò tiẹ̀, kò sì dára lójú rárá, ó rí bí ògiri tí wọn kò tíì kùn. Ṣùgbọ́n bó ti fi bàbá awakọ̀ sínú rẹ̀, ọ̀já pupa kan nà gbọọrọ sórí gbogbo ojú ewé, ojú ewé iṣẹ́ abẹ kò sì ṣí títí dókítà yóò fi fọwọ́ sí i pé òun ti rí i. Ìyá Fáìlì kọ "òdo" sínú ìwé, nítorí wọn kò tẹ ibì kankan kí ìkìlọ̀ náà tó yọjú.

Lẹ́yìn náà ló mú ẹni kọkànlá àti ìkejìlá jáde. Ìbejì ni wọ́n, obìnrin méjèèjì. Orúkọ bàbá kan náà, ọjọ́ ìbí kan náà, ilé kan náà. Ọ̀kan lè lo pẹnisílíìnì, ṣùgbọ́n bí ìkejì bá fẹnu kàn án, ọ̀fun rẹ̀ á dí. Ọkùnrin oníkóòtù ti ní irú ìyẹn kò lè ṣẹlẹ̀ láé. Obìnrin náà fi wọ́n sínú ètò tiẹ̀, ètò náà sì kọ ọ́ jáde pé ẹnì kejì ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó sọ àwọn méjèèjì di ẹnì kan.

Obìnrin náà wo ohun tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Kò wá àwáwí.

"Mi ò ronú kan èyí rí, mà," ó wí. "Ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan."

Ọjọ́ kẹfà ló padà dé. Nígbà tí Ìyá Fáìlì fi ìka méjì tẹ orúkọ ìbejì náà fúnra rẹ̀, fọ́tò méjì gbàǹgbà yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ètò náà sì béèrè pé èwo nínú wọn ló wá lónìí. Kò ṣí fáìlì kankan títí ó fi dáhùn.

Ní ọ̀sán Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n jókòó láti parí ọ̀rọ̀ náà. Dókítà kékeré ní ti àkọ́kọ́ ló wu òun. Ó ní ó yára, àwòrán egungun sì hàn kedere nínú rẹ̀. Ìyá Fáìlì dìde dúró. Kò dìde sọ̀rọ̀ nírú ìpàdé bẹ́ẹ̀ rí. Kò bá a jiyàn. Ó ní aṣọ ńlá kọ́ lènìyàn ńlá, kí dókítà jọ̀ọ́ wá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, kó múra iṣẹ́ abẹ bàbá awakọ̀ nínú ti àkọ́kọ́ àti ìkẹta.

Nínú ti àkọ́kọ́, ọwọ́ Dókítà kékeré ń yára bí àṣà rẹ̀. Kó tó di pé èèyàn ka ogójì, ó ti dé ojú ewé iṣẹ́ abẹ, ó ti kọ ọ́ pé eyín méjì ti jáde. Kò rí ìkìlọ̀ kankan. Ó bọ́ sórí ìkẹta. Ọ̀já pupa nà. Ó tẹ̀ ẹ́, kò ṣí. Ó tún un tẹ̀, kò ṣí. Ó ka ohun tó wà nínú ọ̀já náà, ọwọ́ rẹ̀ sì kúrò lórí máòsì.

Ó gbé ojú kúrò lára kọ̀ǹpútà. "Lọ́jọ́ yẹn, irinṣẹ́ wà lọ́wọ́ mi."

Ó ti àga rẹ̀ sẹ́yìn, ó dìde.

"Ẹ jẹ́ ká mú èyí," ó wí. Ó yíjú sí Ìyá Fáìlì. "Ẹ má bínú sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tí mo sọ, mà. Ẹ bá mi bẹ obìnrin yẹn kó tún àwòrán egungun rẹ̀ ṣe."

Ìyá Fáìlì ní òun ti kọ ọ́ síwájú ohun gbogbo tí òun fẹ́ kó tún ṣe.

Oṣù mẹ́rin ni wọ́n fi da fáìlì inú yàrá ẹ̀yìn sínú kọ̀ǹpútà. Ìyá Fáìlì ka gbogbo rẹ̀ kó tó jẹ́ kí wọ́n gbé èyíkéyìí kúrò. Ìka méjì di mẹ́rin. Àwọn nọ́ọ̀sì tó ti ń lo kọ̀ǹpútà láti ilé ìwé wá ń wá béèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń dá wọn lóhùn láìgbéraga, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń nàró ṣánṣán lórí àga bó ṣe ń dá wọn lóhùn. Nígbà tí yàrá ẹ̀yìn ṣófo, Dókítà Àgbà ní kí wọ́n kùn ún, kí wọ́n gbé tábìlì rẹ̀ síbẹ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn pé Alábòójútó Àkọsílẹ̀ Aláìsàn. Ọmọ rẹ̀ wá láti ilé ìwé láti ya fọ́tò ilẹ̀kùn náà. Ó ní kí Mọ́mì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mọ́mì ní kí wọ́n má fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n ó tún gèlè ṣe, ó sì dúró.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, Dókítà Àgbà wọlé tọ̀ ọ́ wá pẹ̀lú fóònù létí. Oníṣẹ́ abẹ ẹnu kan ní ìlú mìíràn ló ń pè. Ó ti gbọ́ pé ètò kọ̀ǹpútà tiwọn dára, ó fẹ́ mọ èwo ni kí òun náà rà.

"Ẹ dúró díẹ̀," ni Dókítà Àgbà wí. "Èmi kọ́ ni mo yàn án. Ẹni tó yàn án ló wà níwájú mi yìí." Ó na fóònù sí i.

Ìyá Fáìlì ti awò ojú rẹ̀ sókè. Ọkùnrin inú fóònù náà kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì béèrè orúkọ ètò náà. Ó lè dárúkọ rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Dípò bẹ́ẹ̀, ó fa ewé ìwé kan sún mọ́ra, ó sì ṣí bírò.

"Ẹ kọ́kọ́ sọ fún mi," ó wí, "irú àwọn èèyàn wo ló ń wá sọ́dọ̀ yín?"