Fáìlì Tí Kò Lámì Ohùn

3.

…torí pé eegun kì í fọhùn. Onímọ̀ eegun ló sọ bẹ́ẹ̀ nínú ìpàdé, ọwọ́ rẹ̀ lórí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ti di òkúta. Ẹran tí wọ́n fẹ́ fi fíìmù jí dìde yìí gùn ju ilé lọ. Inú òkun ló gbé nígbà tí ayé ò tíì ní ẹni tí yóò pè é lórúkọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹja. Bó bá pẹ́ nísàlẹ̀ omi, dandan ni kó gòkè wá mí. Ọmọ ló sì ń bí, kì í yé ẹyin. Torí ìyẹn ni gbogbo ilé iṣẹ́ ṣe ń pè é ní Ìyá.

Olùdarí fíìmù béèrè bó ṣe ń mí. Onímọ̀ eegun ní òun ò sí níbẹ̀.

Gbogbo ojú wá yí sí ọkùnrin tó ń ṣe ohùn fún fíìmù. Olóhùn ni wọ́n ń pè é.


4.  OHUN TÍ MO TI DÁN WÒ
(ìwé tí Olóhùn lẹ̀ mọ́ ògiri)

àpò awọ tí mo fẹ́ atẹ́gùn sí, tí mo tẹ̀ — ó dún bí àpò
màlúù tó ń sùn — Olùdarí ní òun mọ màlúù
ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ — wọ́n rẹ́rìn-ín
èmi fúnra mi, nínú páìpù — "ó jọ ẹni tó jẹun yó"
ìgbà mẹ́tàdínlógún. Òfo.


5.

Ẹni tó bá ń wá ìwákúwàá, á rí ìríkúrìí.


7.

(Kò sí ẹ̀kẹfà. Ọ̀sẹ̀ tí ìyá Olóhùn kú nìyẹn.)


8.  ÌKÉDE
(lára ilẹ̀kùn yàrá àwòrán)

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi àmì sórí orúkọ fáìlì mọ́. Kọ̀ǹpútà wa ò gbà á.
                    — Agéwòrán

Ẹnì kan fi bíírò kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀: Ọkọ mi, ọkọ̀ mi àti ọkọ́ mi ti wá di ọ̀kan náà. Èwo ni kí n gbé wá síbi iṣẹ́ lọ́la?


9.

Agéwòrán ni obìnrin tó ń gé àwòrán, tó ń so ó pọ̀. Ó ń wá èémí fún Ìyá láàárín àwọn fáìlì Olóhùn, ó sì bá ọ̀kan pàdé:

iya mi

Ó kà á bí ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́: Ìyá mí. Ó gbé e sábẹ́ àwòrán.

Ẹran ńlá náà gòkè láti inú omi dúdú. Ó mí. Ó tún mí. Lẹ́ẹ̀kẹta, èémí náà lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má padà, ó wá padà díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé. Onímọ̀ eegun nu ojú. Olùdarí ní iṣẹ́ ti parí.

Olóhùn gbé ife tíì wọlé. Kó tó ti ilẹ̀kùn ló ti mọ̀ ọ́n. Ta ni kò ní mọ èémí ìyá tó bí i?


10.  (Ẹ̀rọ inú yàrá ló gbà á sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó rántí pa á.)

OLÓHÙN: Ẹ yọ ọ́ kúrò.
OLÙDARÍ: Kí ló ṣe é?
OLÓHÙN: Ìyá mi ni.
AGÉWÒRÁN: Bẹ́ẹ̀ ni, bọ̀dá. Ìyá mí. Bí mo ṣe kà á náà nìyẹn.
OLÓHÙN: Kì í ṣe mí. Mi. Ìyá tó bí mi lọ́mọ. Lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn.

(Àga kan dún.)

AGÉWÒRÁN: Ẹ má bínú, bọ̀dá. Mi ò mọ̀.
OLÙDARÍ: Pẹ̀lẹ́, ọ̀rẹ́ mi. Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Ẹ̀rọ wa tó ń gba ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ yẹn, ṣé òun lo fi gbà á?
OLÓHÙN: Òun ni.
OLÙDARÍ: Kí lo gbé e lọ ṣe níbẹ̀?

(Ife tíì kan tábìlì. Ilẹ̀kùn ṣí, ó sì tì.)


11.

Lẹ́yìn èémí kejì, nínú fáìlì náà kí wọ́n tó gé e, ẹnì kan ń sunkún jẹ́jẹ́ nítòsí ẹ̀rọ. Agéwòrán ti yọ ìyẹn. Ó ní ariwo ni.


12.  ÀTẸ̀JÍṢẸ́

Ẹ̀GBỌ́N OLÓHÙN (OBÌNRIN): Mo gbọ́ pé fíìmù yín ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Àwọn ọmọ ń retí ẹja ńlá.
OLÓHÙN: Kì í ṣe ẹja.
Ẹ̀GBỌ́N: Kó yáa jẹ́ àkùkọ. Ṣé ìwọ lo ṣe ohùn ẹ̀?

(Ó kọ ọ́, ó pa á rẹ́. Ó kọ ọ́, ó pa á rẹ́.)

OLÓHÙN: Ẹ kọ́kọ́ wá síbi iṣẹ́ mi.


13.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó jókòó, báàgì rẹ̀ lórí itan. Olóhùn ò ṣàlàyé. Ó ṣí ohùn náà fún un. Obìnrin náà gbọ́ ọ tán, ó ní kó tún un ṣí.

"Lọ́jọ́ tí Màámi ń lọ," ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ, "mo bi ọ́ lórí fóònù bóyá o di ọwọ́ wọn mú. O ní ọwọ́ rẹ ò ṣófo."

Olóhùn wo ilẹ̀.

"O ò kúkú purọ́."

Ó dìde, ó gbé báàgì. Lẹ́nu ọ̀nà ló ti sọ ọ́ láìyíjú padà pé èémí ẹ̀kẹta yẹn, orúkọ ẹnì kan ni wọ́n fẹ́ pè. Kò sọ orúkọ ta ni.


14.  FỌ́Ọ̀MÙ

Orúkọ ohùn:   i y a   m i

Bọ̀dá, Olùdarí ní kí ẹ fi ọwọ́ ara yín fi àmì sí i kó tó di ìrọ̀lẹ́. Bó bá jẹ́ mí, ohùn iṣẹ́ ni, yóò dúró nínú fíìmù. Bó bá jẹ́ mi, tiyín ni, a óò yọ ọ́, a óò fi ohùn àpò awọ rọ́pò rẹ̀. Ẹ má bínú. — Agéwòrán


15.

Olóhùn fi àmì sí ìyá. Ìyẹn ò le.

Ó ku lẹ́tà kan. Mi kì í gba àmì. Kí ìyá rẹ̀ tó lè padà di tirẹ̀, kò ní láti ṣe ohunkóhun. Kó kàn jókòó ni, kó fi ọwọ́ sílẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ní kó ṣe nìyẹn.

Bíírò wà lókè lẹ́tà náà.

Ó mí.